Ìdàpọ̀ Ilẹ̀ Sábẹ́ Ìwé Kan ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò

Ọ̀ràn ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn kékeré láàárín àwọn Àwórì. Ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Okokomáíkò, ẹni tí ó bá ra pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ó fara kan ara wọn a máa fẹ́ kí wọn di ilẹ̀ kan lábẹ́ ìwé kan, kí ó lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìtajà ńlá sí i. Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, kí a wó ògiri àárín nìkan ni ó kù. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀kan ni ilẹ̀, àwọn tí ń jẹ ẹ́ ni ó pọ̀. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Olórí ẹbí ni ó ń mójú tó o, tí ó sì ń pín oko fún àwọn ọmọ ilé. Àlejò tí a bá fún ní oko a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, Olóyè Àmọ́dù Tijani, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 1921, Privy Council ní London gbà pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ẹbí ni ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ìwé ti dé ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, òfin 1863 yan àwọn tí yóò wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tòótọ́. Òfin 1883 tẹ̀lé e lórí fífi ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àti ti 1935 lórí ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Báyìí ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí gé ilẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ní Ọ̀jọ́ àti agbègbè rẹ̀, oko àti ẹja pípa ni iṣẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn. Títì ńlá Èkó sí Badagry ni ó yí nǹkan padà ní ẹ̀wádún 1970. Ọjà Àgbáyé ṣí ní 1977, a sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Oko di pulọ́ọ̀tì. Ẹbí yìí tà, ẹbí kejì náà tà.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí Gómìnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó lè dà pọ̀, orúkọ ẹnìkan náà gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ìwé rẹ̀, awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ya sọ́fè tuntun tí yóò yí gbogbo rẹ̀ ká, bí gbèsè báǹkì bá sì wà lórí apá kan, a kò gbọdọ̀ gbójú fò ó.

Níbí ni ewu wà. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ là á pé bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, àwọn ẹbí lè tú títà náà ká. Bí ọmọ ẹbí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1990, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi hàn pé ìwé ẹ̀rí Gómìnà kò lè sọ ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ di onílẹ̀.

Kí a sọ pé méjì nínú pulọ́ọ̀tì mẹ́ta náà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó dá ta ẹ̀kẹta láìjẹ́ kí olórí ẹbí rẹ̀ mọ̀. Ìwé kan ti bo gbogbo rẹ̀, ilé ti dúró lé e lórí. Bí ẹbí bá wá borí ní kóòtù, ilẹ̀ tí ó bọ́ lọ lè jẹ́ abẹ́ àárín ilé gan-an. Kí ìdàpọ̀ tó wáyé, èyí tí ń rà ti ní ewu pulọ́ọ̀tì kan lọ́rùn; lẹ́yìn rẹ̀, ewu náà ti kan gbogbo ilé. Nítorí náà, kí a wádìí gbòǹgbò pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ ẹbí tí ó tà á, kí a tó pe awọnlẹ̀ wá pa ààlà àárín rẹ́.