Ìwé Ìsàmì àti Oríkì: Bí A Ti Ń Wá Ìran Baba Ẹni ní Àgbádárìgì

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí mo ti ń to àwọn ìwé ìjọ wa, ìyá arúgbó kan wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ó wà ní ilé-ìwé wa. Ìjọ kékeré ni tiwa, ní etí ọ̀sà ní ìhà Àgbádárìgì. Èmi tí mo jẹ́ katikíìsì níbẹ̀ ni mo ń tọ́jú ìwé ìsàmì, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, mo sì fún un ní àga.

"Olùkọ́," ni ó wí, "baba tí ó bí baba mi ni mo ń wá. Ọmọ yìí bi mí léèrè ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, mo sì rí i pé ìdáhùn mi kò tó."

"Ìyá, kí ni orúkọ wọn?"

"Daniel ni gbogbo ayé ń pè wọ́n."

"Orúkọ ilé wọn ńkọ́?"

Ó mi orí. "Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti kú kí n tó gbọ́n."

Mo ṣí ìwé ìsàmì àtijọ́. Daniel mẹ́ta ni mo bá nínú ọdún kan ṣoṣo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di àgbà kí a tó sàmì fún wọn. A kọ ọjọ́, a kọ Daniel, a kọ orúkọ àlùfáà. A kò kọ orúkọ baba, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ orúkọ ìlú. Bí mo ti ń wo ìwé náà láìmọ ohun tí èmi yóò wí, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì tí ìyá baba rẹ̀ fi ń jí i ní òwúrọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ọmọ Oníkòyí ni oríkì náà pè é, ó sì dárúkọ àwọn baba ńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni ọ̀ràn náà yé mi. Ìwé mi mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n kò mọ ilé rẹ̀. Ẹnu ìyá náà mọ ilé, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹni náà hàn nínú ìwé.

Ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé jùmọ̀ rò.

Ìwé ìsàmì kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1538, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, Thomas Cromwell tí í ṣe ìránṣẹ́ ńlá ọba náà pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé kan, kí àlùfáà sì máa kọ orúkọ àwọn tí a sàmì fún, àwọn tí a so pọ̀, àti àwọn tí a sin ní ọ̀sẹ̀ náà sínú rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Inú àpótí tí ó ní àgádágodo méjì ni kí a fi ìwé náà sí; kọ́kọ́rọ́ kan yóò wà lọ́wọ́ àlùfáà, èkejì lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a ṣí. Ní ọdún 1598 a tún pàṣẹ pé kí a da àwọn ìwé náà kọ sórí awọ tí kì í tètè gbó, kí a sì máa fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Láti ọdún 1813 ni a sì ti ń lo ìwé ìsàmì tí a tẹ ìlà sí, tí ó ní àyè fún orúkọ ọmọ, orúkọ baba àti ìyá, ibùgbé wọn, àti iṣẹ́ baba.

Nítorí náà, ẹni tí àwọn baba rẹ̀ jẹ́ alágbàṣe lásán ní ìletò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò ní ilẹ̀, tí wọn kò sì joyè, lè tọ ipasẹ̀ wọn padà sẹ́yìn. Láti ibi ìsìnkú baba ńlá rẹ̀ yóò lọ sí ibi ìgbéyàwó rẹ̀. Láti ibi ìgbéyàwó yóò dé ibi ìsàmì, níbi tí yóò ti rí orúkọ ẹni tí ó bí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa gòkè lọ bí ẹni tí ń gun àkàbà. Ìwé wọn pẹ̀lú ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ kò kọ orúkọ ìyá ọmọ, àti nígbà ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1642, ọ̀pọ̀ ìjọ fi àlàfo sílẹ̀. Síbẹ̀ ohun méjì ran olùwádìí lọ́wọ́ níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ìdílé pẹ́ ní agbègbè kan náà, orúkọ baba sì ń bá ọmọ lọ láti ìran dé ìran.

Ní etíkun tiwa, ohun méjèèjì yìí gan-an ni òwò ẹrú bàjẹ́. Ogun tú ìlú ká. A mú ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá. A sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn gba èbúté Àgbádárìgì kọjá sí òkun. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ni a kó lọ sí Sàró, àti láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń padà wá sí etíkun yìí pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsán ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì; Henry Townsend ti C.M.S. tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1845, Townsend padà wá pẹ̀lú C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther. Lọ́wọ́ irú àwọn wọ̀nyí ni àṣà kíkọ orúkọ sínú ìwé ìjọ ti bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi Crowther tìkára rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1821 a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti fi í sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tí ń jẹ́ Esperança Felix. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a sì kó wọn lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 a sàmì fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní ìlú London.

Ǹjẹ́ bí ẹnìkan nínú ìran rẹ̀ bá mú orúkọ Crowther lọ sí àwọn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ń tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn bí mo ti wí, yóò rí baba ńlá nítòótọ́, ṣùgbọ́n baba ńlá ẹlòmíràn ni. Ìwé kò purọ́ fún un. Ilé onílé ni ó mú un wọ̀.

Nígbà tí Crowther dé Àgbádárìgì, ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, àti ogun tí ó wà lójú ọ̀nà dá a dúró fún nǹkan bí oṣù méjìdínlógún kí ó tó lè gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá rẹ̀ wá a rí níbẹ̀. Ó di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn sì ń wo ara àwọn láìlè sọ̀rọ̀; ìyá náà ń gbọ̀n, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá-ìyá fi ń pè é nígbà èwe rẹ̀ pè é. Ìyá-ìyá náà ti kú sí oko ẹrú, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí ó fi pe ọmọ kò kú. Kò sí ìwé kan tí ó jẹ́rìí láàárín ìyá àti ọmọ ní ọjọ́ náà. Orúkọ ilé ni ó jẹ́rìí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 a sàmì fún ìyá náà, tí ń jẹ́ Àfàlá, a sì pè é ní Hannah. Ẹ rò ó wò: bí ó bá ṣe pé orúkọ ìsàmì nìkan ni ó kù, Samuel kan ni à bá rí ní Sàró àti Hannah kan ní Abẹ́òkúta, ta ni ì bá sì mọ̀ pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹnu nìkan tó. Ìlú tí ogun bá run kì í ní ẹni tí yóò ki oríkì rẹ̀ fún ọmọ tí ó kù. Òkè-Ọ̀dàn, tí ó wà ní àríwá Àgbádárìgì, ni ogun Dàhọ̀mì kọlù ní ọdún 1848. Ọmọdébìnrin kékeré kan tí a pa àwọn òbí rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ọba Gezo. Ní 1850 Gezo fi í fún ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, ẹni tí ó mú un lọ sí ìlú wọn. A pè é ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, a so ó pọ̀ pẹ̀lú James Labulo Davies ní ìjọ St. Nicholas ní Brighton. Nínú ìwé ìgbéyàwó náà, orúkọ kan ṣáájú Sarah: Ina. Gẹ̀ẹ́sì lè kà á láìmọ ohun tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé Àìná ni, ọmọ tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn nígbà tí a bí i. Ohun tí ìyá rẹ̀ àti àwọn agbẹ̀bí rẹ̀ rí ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ó ń bẹ nínú ìwé ìjọ kan ní òkè òkun títí di òní. Ìwé ni ó pa á mọ́. Èdè wa ni ó túmọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn ìwé Sàró. Àwọn akọ̀wé ìjọba ibẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀ bí etí wọ́n ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, gíga wọn àti àpá ara wọn. Bí a bá ka ti Sàró pọ̀ mọ́ ti Havana ní Kúbà, orúkọ tí a ti dà kọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju 90,000 lọ. Akọ̀wé àjèjì kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ojú nìkan ka orúkọ wọ̀nyí, wọn yóò dà bí èdè àjèjì. Ṣùgbọ́n kí a kà wọ́n sókè sí etí àgbàlagbà kan, yóò máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: "Òjó ni èyí, Àìná ni ti ọ̀hún." Orúkọ mìíràn a sì máa fi iṣẹ́ ilé hàn. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn ti ilé onílù wá. Ọdẹ ń tọ́ka sí ilé ọdẹ, Ifá sí ilé babaláwo.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó náà. Nígbà tí ó ki oríkì tán, mo fi ìwé ìsàmì sílẹ̀, mo mú ìwé ìgbéyàwó, nítorí pé nínú rẹ̀ ni a máa ń kọ orúkọ baba ọkọ àti ti baba ìyàwó. Mo wá àwọn Daniel náà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni mo rí orúkọ baba kan tí ìyá náà ti pè lẹ́ẹ̀mejì nínú oríkì rẹ̀. Nígbà tí mo kà á sókè, ó pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí fún ọmọ náà pé, "O gbọ́? Àwọn nìyẹn."

Inú mi dùn, mo sì ń yin ara mi ní ọkàn mi. Nígbà náà ni ọmọ náà wí pé, "Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n rí tèmi."

Mo ṣí ìwé ìsàmì tuntun. Èmi tìkára mi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ìlà tí ó tọ́ àti yíǹkì tí ó mọ́: orúkọ Bíbélì rẹ̀, orúkọ Bíbélì baba rẹ̀, ọjọ́, ó parí. Kò sí orúkọ ilé. Kò sí orúkọ ìyá. Kò sí ìlú.

Ìyá náà kò kàwé, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi. Ó rọra wí pé, "Mo sọ orúkọ ilé rẹ̀ fún yín ní ọjọ́ náà, Olùkọ́. Ẹ ní àyè kò sí."

Òtítọ́ ni. Mo rántí rẹ̀. Àyè wà, ṣùgbọ́n mo ń kánjú. Èmi tí mo ti ń bínú sí akọ̀wé àtijọ́ fún Daniel mẹ́ta, ohun kan náà ni mo ti ṣe sí àwọn ọmọ tí èmi kò ní bá láyé. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara ẹni tún ohun tí a ti kọ sínú ìwé ìjọ ṣe, nítorí náà mo ra ìwé mìíràn. Nínú rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ àbísọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, oríkì rẹ̀, ilé baba rẹ̀, ilé ìyá rẹ̀, àti ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ ọmọ náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ìwé kan tí ẹ fi ń ṣe ìṣirò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ní ohun mẹ́rin: orúkọ tí a sọ wọ́n kí wọ́n tó gba ti ìsàmì, ìlú baba wọn àti ìlú ìyá wọn, oríkì ilé wọn, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibi tí a ń gbé yìí, pẹ̀lú ìdí tí ó fi wá. Ẹ̀yin ọmọ Ògù, ẹ kọ ti ìdílé yín ní èdè Ògù gan-an, kí ẹ má ṣe yí i padà sí Yorùbá. Kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹni ẹ̀yìn ọ̀la má baà ṣi orúkọ pè.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ pé méjì. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, ìwé náà sì sọnù. Ó kú ní 1901 láì rí i ní títẹ̀. Lára ohun tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, ti tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé ńkọ́?

Ìyá arúgbó náà ti dìde láti lọ kí ó tó rántí ohun kan. Ó ní kí n kọ orúkọ ìyá baba òun pẹ̀lú, nítorí pé obìnrin náà ni ó kọ́ òun ní oríkì, kò sì sí nínú ìwé kankan. Ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì kọ ọ́.