Ta Ni Ó Mọ Ìgbà Tí Rọ́bà Jinná?

Ìtàn ìkọ́ṣẹ́ àti ìdánwò àwọn tí ń sè rọ́bà ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ

Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ètò wa ti òní bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa, èyí nì ni ẹ̀bá títì níbi tí fọ́gánáísà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí táyà bá jò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ń sáré lọ. Yóò fa túùbù yọ, yóò rì í sínú omi kí ó lè mọ ojú ibi tí ó ti ń jò. Yóò fi fáìlì ha ojú ibẹ̀, yóò gé rọ́bà tútù lé e, yóò sì fi irin dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú pístìnnì àlòkù tí a yọ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bu epo díẹ̀ sínú pístìnnì náà, tí yóò sì ṣáná sí i. Bí epo bá jó tán tí iná sì kú, rọ́bà ti jinná. Ìwọ̀n epo tí ó bù ni aago rẹ̀.

Ta ni ó kọ́ ọ ní ìwọ̀n epo náà? Ọ̀gá rẹ̀ ni. Ta ni ó sì dán an wò kí ó tó gba òmìnira? Ọ̀gá kan náà ni. Iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ń ṣe táyà, bẹ́líìtì ẹ̀rọ, páìpù àti bàtà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àgbá irin àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀, ọjà tí ó sì ń jáde lóòjọ́ kò mọ níwọ̀n. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ kan ti mọ iṣẹ́ tó? Kí ni ó sì yẹ kí olùdánwò náà wò kí ó tó jẹ́rìí? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìtàn òní dá lé lórí.

Kí ó tó di ọdún 1839, rọ́bà kì í ṣe ohun tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí oòrùn bá mú, a yọ́, a sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́; bí òtútù bá mú, a gan bí igi. Ilé iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe ọjà rọ́bà ní Roxbury, nítòsí Boston ní Amẹ́ríkà, bọ́ sínú gbèsè nítorí pé ọjà rẹ̀ ń yọ́ nígbà ooru. Nathaniel Hayward ṣe àkíyèsí pé imí-ọjọ́ a máa dín lílẹ̀ rọ́bà kù, Charles Goodyear sì ra ẹ̀tọ́ àwárí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1839, ní ìlú Woburn, rọ́bà tí Goodyear fi imí-ọjọ́ sí kan ààrò gbígbóná. Dípò kí ó yọ́, ńṣe ni ó le bí awọ.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwárí yẹn gbà, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 1844 kí Goodyear tó gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, wàhálà tí ó ń bá a fà ni pé ìgbóná wo ni ó tó, àti pé fún ìgbà wo. Bí iná bá kéré, rọ́bà a ṣì máa lẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, a jóná. Wàhálà yìí kan náà ni olúkúlùkù tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ ìsè-rọ́bà ń bá pàdé títí di òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hancock rí lára rọ́bà tí Goodyear sè, ó ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1843. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Brockedon, ni ó fún iṣẹ́ náà lórúkọ. Ó mú un láti ara orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti ti alágbẹ̀dẹ láàrin àwọn ará Róòmù àtijọ́, ẹni tí à bá fi wé Ògún níhìn-ín. Orúkọ òrìṣà náà ni ó rin ìrìn àjò títí tí ó fi di fọ́gánáísà lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n Hancock yìí kan náà ni ó fi ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ kan lélẹ̀ tí kò dára tó. Ní 1820, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń rún rọ́bà, ó sì fún un ní orúkọ tí Òyìnbó fi ń pe oúnjẹ tí a rẹ sínú ọtí kíkan. Ìdí rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ará ìta mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. A kò lè bá a wí jù, nítorí pé oníṣòwò ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé, níbi tí iṣẹ́ bá ti di awo, òṣìṣẹ́ a máa mọ bí a ti ń ṣe é láìmọ ìdí tí a fi ń ṣe é.

Ẹ̀rí èyí kò pẹ́ dé. Ní 1846, Alexander Parkes rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe rọ́bà láìsí iná. Nínú ọ̀nà yìí, wọ́n ń lo oje olóòórùn kan tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù dàìsọ́fáìdì. Nígbà tí ó di 1856, dókítà kan ní Paris, Auguste Delpech, kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ rọ́bà tí wọ́n ń fa òórùn oje yìí símú. Orí ń fọ́ wọn, ara wọn ń kú tipiri, iyè àwọn mìíràn sì ń rá. Wọ́n mọ bí a ti ń ti rọ́bà bọ oje. Wọn kò mọ ohun tí oje náà ń fi ara wọn ṣe. Bí a bá dán irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò lórí ọjà tí ó ṣe nìkan, yóò yege. Ìdánwò náà ni kò yege.

Ilẹ̀ Yorùbá náà tọ́ irú ẹ̀kọ́ ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ní nǹkan bí 1894, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà ní Èkó, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rọ́bà wá láti Gold Coast, wọ́n sì fi bí a ti ń gba oje lára igi ìré han àwọn ènìyàn wa. Ní 1895, rọ́bà tí a kó gba Èkó lọ sí òkè òkun ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Ní 1896, ó ju mílíọ̀nù 6. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ bí a ti ń sinmi fún igi kò tàn kálẹ̀ bí ẹ̀kọ́ bí a ti ń kọ ọ́ lábẹ. Igi bẹ̀rẹ̀ sí kú nínú igbó, ọjà náà sì fà sẹ́yìn púpọ̀púpọ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ẹ̀rọ. Ní àtètèkọ́ṣe, sísè rọ́bà a máa gba wákàtí púpọ̀. Àgbà òṣìṣẹ́ ní àyè láti wo àwọ̀ rẹ̀, láti gbóòórùn rẹ̀, kí ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ fà á wò. Nígbà tí ó di 1906, George Oenslager ní ìlú Akron ṣàwárí àwọn kẹ́míkà tí ń mú kí sísè yá. Iṣẹ́ tí ó ń gba wákàtí wá di ti ìṣẹ́jú. Èrè ńlá ni èyí jẹ́ fún ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dín iyì ojú àti imú àgbà òṣìṣẹ́ kù, nítorí pé àṣìṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti ba ọjà jẹ́. Láti ìgbà yẹn ni aago, gééjì àti ìwé àkọsílẹ̀ ti di irinṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, ẹ̀rọ kan tún jáde tí ó ń ya bí rọ́bà ti ń le sí i sórí ìwé, tí ó fi jẹ́ pé a lè rí ibi tí ó ti jinná gẹ́lẹ́.

Kí ni ó dé tí a fi ní láti ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Nínú rọ́bà tútù, àwọn okùn tíńtìntín wà tí wọ́n ń yọ̀ kọjá lára ara wọn. Bí iná bá dé, imí-ọjọ́ a so wọ́n mọ́ ara wọn, wọn a sì di àwọ̀n. Bí ìdè náà bá kéré, rọ́bà a rọ̀. Bí a bá sè é kọjá ààlà, ìdè mìíràn a tún já, agbára rẹ̀ a sì dín kù. Bí ẹyin tí a ti sè kò ṣe lè padà di tútù, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà tí ó ti jinná rí. Bí ìgbóná bá fi dígírì 10 lé sí i, sísè a máa yá ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Èyí tí ó ń gba ogún ìṣẹ́jú ní dígírì 150 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 160. Iná kì í sì í tètè wọ inú rọ́bà tí ó nípọn, nítorí náà ara òde táyà lè jinná dáadáa kí inú rẹ̀ má tíì jinná. Ojú lásán kò lè rí èyí. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni yóò tú àṣírí rẹ̀, nígbà tí èrò bá ti kún ọkọ̀.

Ìdí nìyí tí ìdánwò fi gbọ́dọ̀ kọjá wíwo ọjà tí ó ti parí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà nílò òṣìṣẹ́ tuntun lọ́pọ̀ yanturu. Láti 1940 ni ìjọba ibẹ̀ ti ṣe ètò kan tí ó pín ìkọ́ni sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin: kí a pèsè ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kí a fi iṣẹ́ hàn án, kí a sì sọ ìdí rẹ̀, kí a jẹ́ kí òun náà ṣe é lójú wa, kí a sì máa padà wá wò ó lẹ́yìn náà. Ètò náà gbé ẹrù lé olùkọ́ lórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, a jẹ́ pé a kò tíì kọ́ ọ.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkẹjà àti ti Michelin ní Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ sí ṣe táyà. Ní 1971, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ tí ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ITF. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí à ń pè ní tírèédì tẹ́ẹ̀sì ní ìpele mẹ́ta, láti ìkẹta dé ìkínní. Ọ̀pọ̀ ọdọ́ sì ṣe ìdánwò City and Guilds ti London títí tí a fi dá NABTEB tiwa sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1993. Ìwé ẹ̀rí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìdánwò bá bèèrè ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́.

Kí ni ó yẹ kí ìdánwò bèèrè nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a mú àgbá ìsè-rọ́bà ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń rọ ooru omi híhó sínú rẹ̀. Kí olùdánwò sọ fún òṣìṣẹ́ pé: ‘Gééjì fi hàn pé agbára ooru inú àgbá pé, aago pé, síbẹ̀ rọ́bà kò jinná. Kí ni ó fà á?’ Ẹni tí ó há iṣẹ́ sórí yóò dákẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò dáhùn pé afẹ́fẹ́ ni wọn kò tú jáde kí wọ́n tó ti fáfù. Afẹ́fẹ́ àti ooru omi ni wọ́n jọ ń ti abẹ́rẹ́ gééjì, ṣùgbọ́n ìgbóná ibẹ̀ kò tó bí gééjì ṣe ń fi hàn.

Kí olùdánwò tún dúró, kí ó wo bí òṣìṣẹ́ náà yóò ti ṣí ilẹ̀kùn. Bí ìbú ilẹ̀kùn bá jẹ́ mítà kan, tí agbára tí ó ṣẹ́ kù nínú àgbá kò sì ju ti afẹ́fẹ́ ayé lẹ́ẹ̀kan lọ, ohun tí ó ń ti ilẹ̀kùn náà tó tọ́ọ̀nù 8. Òṣìṣẹ́ tí kò bá dúró kí gééjì bọ́ sí òdo, tí kò sì yẹ ihò ìtú-ooru wò bóyá ó dí, kò yege, bí ọjà rẹ̀ tilẹ̀ dára bí ojú. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ẹnìkan lè sọ pé: ‘Fọ́gánáísà ẹ̀bá títì kò ka ìwé kankan nípa èyí, síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mù rẹ̀ kì í ṣí.’ Òótọ́ ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún tí ọmọ iṣẹ́ fi dúró ti ọ̀gá, tí ọ̀gá ń rí i lójoojúmọ́, jẹ́ ìdánwò tí ìwé ọjọ́ kan kò lè rọ́pò. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n epo tí ọ̀gá fi lélẹ̀ bá irú rọ́bà kan àti irú pístìnnì kan mu. Bí rọ́bà bá yí padà, ẹni tí kò mọ ìdí kò ní mọ ohun tí yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Sùúrù ọ̀gá àti àlàyé ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí a so pọ̀.

Ní 2007, Michelin dá ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt. Ní 2008, Dunlop ṣe bákan náà ní Ìkẹjà. Ẹ̀rọ ṣeé tà, a sì lè ra òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó dúró ti ẹ̀rọ wọ̀nyẹn fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kò sí lọ́jà. Bí a kò bá bi wọ́n léèrè kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, a óò tún máa wá a láti ìbẹ̀rẹ̀, bí Goodyear ti fi ọdún márùn-ún wá a lẹ́yìn tí ó ti rí i tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè tí a óò fi sílẹ̀ fún ìjíròrò yín nìyí: nínú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń kọ́ni tàbí tí ẹ̀ ń kọ́, èwo nínú àwọn ìdánwò yín ni ó ń wo ọjà nìkan, èwo ni ó sì ń wo òye ẹni tí ó ṣe é? Ó dìgbà kan ná.