Áàtì Iná Fún Ẹ̀rọ Omi Ìta Gbangba ní Kabba

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Kabba àti agbègbè Òkun, ọkọ́ kì í wọlẹ̀ jìnnà kó tó kan àpáta. Àpáta yìí ló ń ba iṣẹ́ áàtì jẹ́, ìyẹn wáyà tó so ara ẹ̀rọ mọ́ ọ̀pá bàbà tí a rì mọ́lẹ̀. Bí iná bá jò sára ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga, tàbí sára ọpọ́n ìwẹ̀ olómi gbígbóná tí a gbé síta, ilẹ̀ ló yẹ kó gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ilẹ̀ olókùúta bá fi ìdènà 100 ohm dí iná 230 volt lọ́nà, ampere 2.3 péré ni yóò kọjá. Fúúsì ampere 13 kò ní já! Iná yóò máa wà lára irin, yóò máa dúró de ẹni tí ara rẹ̀ tutù, tí kò wọ bàtà. Ìdí nìyí tí òfin iná àwọn Gẹ̀ẹ́sì, BS 7671, fi ń béèrè RCD nírú ibi báyìí: èyí yóò já iná náà bí ohun tó ń jò kò bá tilẹ̀ ju 0.03 ampere lọ.

Kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wọn ìdènà ilẹ̀ náà lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú. Ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí a máa tan ni.