Ojú Ìtàgé àti Ìtọ́jú Iṣẹ́ Àwọn tí Ó Ń Ṣètò Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn eré orí ìtàgé nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn ọ̀gá eléré ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu: Hubert Ògúǹdé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó ka orúkọ àwọn eré wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí á tó rí ẹni tí yóò béèrè pé: ta ni ó ya àwòrán sí aṣọ tí a ta sí ẹ̀yìn àwọn òṣèré? Ta ni ó pinnu ibi tí ìtẹ́ ọba yóò wà àti irú iná tí yóò tàn nígbà tí iwin bá wọlé? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ohun tí a pè ní ojú ìtàgé ni gbogbo ohun tí òǹwòran ń rí yàtọ̀ sí àwọn òṣèré fúnra wọn: aṣọ ìkélé, aṣọ alárà tí a ya àwòrán sí, pákó, àga àti iná. Ẹni tí ó ń ṣètò rẹ̀ kì í fi òòlù àti ìṣó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò ka eré náà, yóò wọn òró àti ìbú ìtàgé, yóò ya àwòrán sí ìwé. Nígbà mìíràn yóò fi páálí ṣe àwòṣe kékeré kí káfíńtà tó gé pákó. Bí eré bá parí, a ó tú pákó, a ó sì kun aṣọ ní ọ̀dà mìíràn fún eré tí ó kàn. Ìwé tí a ya àwòrán sí ni ó kù láti jẹ́rìí.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wo eré àwọn eégún ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ejò ńlá kan yọ jáde láti inú àpò, pé ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, àti pé aṣọ tí a kùn ní ọ̀dà ni a fi ṣe ara rẹ̀. Ó tún rí eégún Òyìnbó tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. A tẹ ìwé ìrìn-àjò náà jáde ní 1829. Ẹni tí ó ran ejò yẹn kò fi orúkọ sílẹ̀ fún wa; àlejò tí ó wòran ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó jẹ́ kí á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà rí.

Ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere nínú ìtàn eré Ọ̀mùtí, tí a mú jáde láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní 1952. Ní 1963 ni Ògúnmọ́lá àti Ilé Ẹ̀kọ́ Eré ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé e sórí ìtàgé. Demas Nwoko ni ó ṣètò ojú ìtàgé rẹ̀. Ọmọ Idumuje-Ugboko ni, a bí i ní 1935. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó sì kọ́ ìṣètò ìtàgé ní Paris. Ẹ wo ẹrù tí ó wà lọ́rùn rẹ̀: Láńkẹ́ ń wá Àlàbá, adẹ́mu rẹ̀ tí ó já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú. Oko ẹmu, igbó iwin àti ìlú àwọn òkú, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ rí lórí ìtàgé kan ṣoṣo.

Ní 1968, a tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní Ìbàdàn, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé náà lè gbọ́ ohùn Láńkẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan kò lè fi ibi tí ó dúró sí hàn án.

Bákan náà ni ti Òṣogbo. Jímọ̀ Bùráímọ̀, tí ayé mọ̀ fún àwòrán tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, ti ṣiṣẹ́ iná nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀. Àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é gbé kọ́ sára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ orí ìtàgé kú ní alẹ́ tí eré parí.

Ẹnìkan lè wí pé àwòrán kì í ṣe eré, àti pé àwọn àgbà ṣì lè sọ ohun tí ojú wọn rí. Òótọ́ ni. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kò lè sọ ìwọ̀n pákó, kò lè fi àwọ̀ aṣọ hàn. Ìwé aṣètò ni yóò sọ iye tí a ná, ohun èlò tí ó wà lọ́jà nígbà náà, àti bí gbọ̀ngàn ṣe tóbi tó. Ìtàn ọrọ̀ ajé àti ìtàn ọgbọ́n ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn ti fi ojú sí èyí tipẹ́. Ní 1924, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London gba àkójọ ìwé eré tí obìnrin kan, Gabrielle Enthoven, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Ní 1957, ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Faransé ra àkójọ iṣẹ́ Edward Gordon Craig, aṣètò ìtàgé ará Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Kò kú títí di 1966. Wọn kò dúró kí wọ́n tó sin ín.

Ní 2023, wọ́n fi ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà dá Nwoko lọ́lá ní Venice fún iṣẹ́ ilé yíyà. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé lè dúró fún ọgọ́ta ọdún kí ẹni tí yóò yìn ín tó dé. Ojú ìtàgé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí eré ilé ẹ̀kọ́ yín bá parí, ẹ má ṣe sun ìwé àwòrán rẹ̀ mọ́ pàǹtí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó yà á sí i, ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n àti iye owó, ẹ lẹ fọ́tò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi lé ilé ìkàwé lọ́wọ́. Ẹ tọ àwọn àgbà òṣèré lọ, ẹ béèrè ìwé tí ó wà nínú àpótí wọn. Ikán kì í béèrè ẹni tí ó ni ìwé kí ó tó jẹ ẹ́.