1991: Ọdún tí Linux àti bátìrì wa jọ jáde



Ní 1991, ọdún tí Soglo gba ìjọba lọ́wọ́ Kérékou, Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì lithium ní Japan. Ọdún yẹn kan náà ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Bátìrì lithium tó ń wà ní kíkún nígbà gbogbo máa ń tètè gbó. Kọ̀ǹpútà ThinkPad lè dá iná dúró ní 80 nínú 100, ṣùgbọ́n àfikún láti ìta ni Linux fi ń pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Ní 2018, nínú ẹ̀dà 4.17, Linux fúnra rẹ̀ wá mọ̀ ọ́n. Ti Asus tẹ̀ lé e ní 2019.

Àwa olùkọ́ tí à ń ra àlòkù, bí bátìrì bá kú, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ dúró nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń wà lórí iná tọ̀sán-tòru, ẹ fi TLP dá a dúró ní 80. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ síbi tí kò síná, ẹ jẹ́ kó kún.