Ọmọ Kàbbà àti Iṣẹ́ Ìjọba Àríwá

Ní ọdún 1957, ìjọba Àríwá Nàìjíríà fi ìlànà kan lélẹ̀: bí ọmọ Àríwá tí ó kájú iṣẹ́ bá wà, òun ni a ó kọ́kọ́ gbà, bí kò bá sí, a lè gba Òyìnbó tàbí ọmọ Gúúsù fún ìwọ̀n ọdún díẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ilé-ẹ̀kọ́ ti pọ̀ ní Gúúsù kí ó tó dé ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí àlejò má baà kún gbogbo ọ́fíìsì wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ipò àwa ará Kàbbà. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n ààlà tí Òyìnbó pa fi wá sí Àríwá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Henry Willink ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní 1957 sí 1958, àwọn kan bẹ̀bẹ̀ pé kí a da Ìlọrin àti Kàbbà pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ààlà kò yẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ọmọ Kàbbà di onílé, ọmọ Èkìtì aládùúgbò rẹ̀ sì di àlejò. Àwọn bàbá wa jẹ nínú àǹfààní náà. N kò ní sẹ́ ẹ, nítorí èmi pẹ̀lú jẹ èérún rẹ̀.

Ó tọ́ kí a fa ẹni tí ó kù sẹ́yìn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a bí ènìyàn sí ni ìlànà náà wò, kò wo àìní rẹ̀: ọmọ olówó láti Kàbbà lè rí àyè níbi tí ọmọ àgbẹ̀ Èkìtì, tí bàbá rẹ̀ ta kòkó láti fi rán an ní ilé-ẹ̀kọ́, kò ti ní rí i. Òfin ìjọba ti 1979 wá pàṣẹ kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ má ṣe wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá ni a ṣì ń bi í, kì í ṣe ohun tí ojú òbí rẹ̀ rí.