Àwọn Ọmọ Ogun Áyálándì Nílé àti Lẹ́yìn Odi

Ìtàn àwọn ọmọ ogun Áyálándì kò ṣeé kọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹgbẹ́ ológun kan ṣoṣo, nítorí pé ní gbogbo àkókò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso erékùṣù náà, abẹ́ àsíá ilẹ̀ mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn ti jagun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ Áyálándì sì ń dojú ìbọn kọ ọmọ Áyálándì bíi tirẹ̀.

Ọdún 1691 ni ogun tó wà láàrin Ọba James Kejì, tí í ṣe Kátólíìkì, àti Ọba William Kẹta, tí í ṣe Pùròtẹ́sítáǹtì, parí sí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Limerick. Àdéhùn náà yọ̀ǹda fún ọ̀gágun Patrick Sarsfield láti kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí wọ́n tó nǹkan bí 14,000, lọ sí Faransé. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn tó tẹ̀lé wọn lẹ́yìn náà ni a mọ̀ sí Wild Geese, ìyẹn ẹyẹ odò tí ń ṣí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Nígbà tí òfin tún ka ohun ìjà léèwọ̀ fún àwọn Kátólíìkì nílé, iṣẹ́ ológun lókè òkun di ọ̀nà tí ọmọkùnrin tó bá lókun lè gbà rí ipò. Ní Fontenoy, tó wà ní Belgium òde òní, ẹgbẹ́ ogun wọn wà lára àwọn tó bá Faransé ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1745. Sípéènì náà sì ní rẹ́jímẹ́ńtì mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ Hibernia, Irlanda àti Ultonia.

Àìtó ènìyàn lójú ogun ló mú kí Gẹ̀ẹ́sì dẹ okùn òfin náà, débi pé nígbà tó fi máa di ọdún 1830, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló jẹ́ ará Áyálándì. Òṣì ló kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wọṣẹ́, kì í ṣe ìfẹ́ adé. Àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà náà kò bọ́ lọ́wọ́ ogun: nínú ogun Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, John Riley ṣáájú àwọn tó sá kúrò nínú ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá bàtálíọ̀nù San Patricio sílẹ̀ láti jà fún Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà sì yẹgi fún nǹkan bí 50 nínú wọn ní ọdún 1847. Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ará Áyálándì tó tó 150,000 jà fún ìhà Àríwá, bẹ́ẹ̀ ni Patrick Cleburne, ọmọ bíbí Cork, di ọ̀gágun fún ìhà Gúúsù.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló fa ìyapa tó wà láàrin àwọn ọmọ Áyálándì jáde gbangba. Ará Áyálándì tó lé ní 200,000 ló jà fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan forúkọ sílẹ̀ nítorí olóṣèlú John Redmond sọ pé ogun náà yóò jẹ́ kí Áyálándì lè máa ṣe ìjọba ara rẹ̀, nígbà tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì Ulster, ní àríwá erékùṣù náà, forúkọ sílẹ̀ kí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ má baà wáyé láéláé. Síbẹ̀, Dífíṣọ̀n 16 ti àwọn ti ìṣáájú àti Dífíṣọ̀n 36 ti Ulster jà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní Messines, ní Belgium, ní oṣù Kẹfà ọdún 1917. Ọdún kan ṣáájú èyí, nígbà tí àwọn olùjà fún òmìnira dìtẹ̀ ní Dublin, ọmọ ogun Áyálándì wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì fi pa ìdìtẹ̀ náà. Tom Barry, tó ti jà fún Gẹ̀ẹ́sì ní Mesopotámíà, tún padà wálé di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó yọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu jù lọ nínú ogun òmìnira ọdún 1919 sí 1921. Ní 1922, wọ́n tú rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ti gúúsù Áyálándì ká, àwọn tó ti sìn nínú wọn kò sì rí ẹni kí wọn káàbọ̀. Ó di ọdún 1998 kí Ààrẹ Mary McAleese àti Ọbabìnrin Elizabeth tó jọ ṣí ọgbà ìrántí wọn ní Messines.

Láti ọdún 1958, iṣẹ́ ìpẹ̀tùsááwọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni orílẹ̀-èdè Áyálándì olómìnira ń rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe. Ọ̀gágun Seán MacEoin ti Áyálándì ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun àjọ náà ní Kóńgò láti ọdún 1961, ipò kan náà tí Aguiyi-Ironsi ti Nàìjíríà dé ní 1964. Ní Jadotville ní Kóńgò, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, àwọn ọmọ ogun Áyálándì tí kò pé 160, lábẹ́ Pat Quinlan, kojú agbo ogun Katanga, ẹkùn tó fẹ́ yapa kúrò lára Kóńgò, tó pọ̀ jù wọ́n lọ jìnnà, wọn kò sì juwọ́ sílẹ̀ àfi ìgbà tí ọta àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, láìsí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kú. Ìjuwọ́sílẹ̀ yẹn ni àwọn aláṣẹ ológun wò, tí wọn kò sì bu ọlá tó yẹ fún wọn títí di ọdún 2016.